Ẹ Bi Ìyá Kúmásì Léèrè: Ogunléndé Ń Gbé Lẹ́yìnkùlé Mi

Ẹ kú ojú lọ́nà o. Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀, àwọn tó dá lórí àlejò ló sì pọ̀ jù nínú wọn, ni mo bá kó wọn jọ sójú kan. Ẹ̀yin tí ẹ bèèrè nípa ogún àti ilé bàbá, ẹ ṣe sùúrù di oṣù tó ń bọ̀. Fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá wa pàdé: akọ̀wé kóòtù ni mí nílùú Ilé-Ifẹ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì. Kúmásì nílẹ̀ Gánà ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni orúkọ mi ti wá. N kì í ṣe lọ́yà o. Ohun tí mo mọ̀, níbi tí mo jókòó sí tí mò ń kọ ẹjọ́ sílẹ̀ ni mo ti mọ̀ ọ́n.

*Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Opó ni mí, Mọ̀ọ̀rẹ̀ ni mò ń gbé. Lọ́dún tó kọjá, mo fún tọkọtaya kan láti Kamẹrúùnù ní yàrá méjì tó wà lẹ́yìnkùlé mi. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n ní. Ọkọ ń lẹ táìsì, ìyàwó ń ta pọ́ọ̀fù lẹ́bàá títì. Wọn kò jẹ mí lówó ilé rí. Àfi bí ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù ṣe wá bá mi pé kí n lé wọn, pé bí ọlọ́pàá bá dé, èmi ni wọn yóò mú. Ọ̀gá iléèwé kan tún ní òun kò lè gba ọmọ wọn àgbà, ọmọ ọdún mẹ́jọ, torí pé kò ní ìwé ìbí. Ṣé kí n lé wọn ni? — Ìyá Onílé, Mọ̀ọ̀rẹ̀, Ilé-Ifẹ̀*

Ìyá mi, ẹ má lé ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ ká jọ tú u wò.

Ẹ pe ọkùnrin náà wọlé, kí ẹ bi í pé ìwé wo ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má bi í bí ọlọ́pàá ṣe ń bini. Ẹ sọ fún un pé kí ẹ lè rí ọ̀rọ̀ sọ nítorí rẹ̀ ni. Bó bá jẹ́ apá ibi tí wọ́n ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ní Kamẹrúùnù ló ti wá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìpínlẹ̀ Cross River tàbí Benue ló kọ́kọ́ gbà wọlé. Lọ́dún 2016, àwọn lọ́yà àti tíṣà ibẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ní ìjọba ń fi èdè Faransé àti òfin Faransé lé àwọn lórí. Ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ nínú kóòtù àti nínú kíláàsì di ọ̀rọ̀ ìbọn. Kí ọdún 2017 tó parí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń gba inú igbó sá wọ Nàìjíríà. Wọ́n ṣí ibùdó kan fún wọn ní Adagom, lẹ́bàá Ogoja, lọ́dún 2018. Ẹni tó bá gba ọwọ́ àwọn tó ń forúkọ sílẹ̀ kọjá, wọ́n á ti fún un ní ìwé pé ogunléndé ni. Ìwé yẹn ni kí ẹ béèrè. Bí kò bá tíì sí lọ́wọ́ rẹ̀, kó wá àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ogunléndé àti àwọn aṣíkiri lọ. Òfin ọdún 1989 ló dá wọn sílẹ̀, Àbújá sì ni olú iléeṣẹ́ wọn wà. Kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ pé òun á bá a ṣe é.

Bí ìwé bá wà, ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù ti tán. Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé ti 1951 lórí ogunléndé, ó sì fọwọ́ sí ti ilẹ̀ Áfíríkà ti 1969. Ohun tó wúwo jù nínú méjèèjì ni pé wọn kò gbọ́dọ̀ dá ogunléndé padà síbi tí ikú ti ń lé e bọ̀. Ẹ ya ẹ̀dà ìwé náà kan, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú ìwé ilé yín. Kí ẹ sì máa kọ rìsíìtì owó ilé fún wọn. Mo mọ̀ pé ẹ kì í kọ ọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ ọmọ, òun ló sì dùn mí jù nínú lẹ́tà yín.

Òfin ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti 2004 sọ pé kí ìjọba fún gbogbo ọmọ tó tó ọjọ́ orí iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti JSS ní ẹ̀kọ́, lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì jẹ́ ọ̀ranyàn. Gbogbo ọmọ ló wí. Kò ní ọmọ tí ìyá rẹ̀ rántí mú ìwé ìbí nígbà tí iná ń jó òrùlé. Ti ìwé ìbí náà kò le: kí bàbá rẹ̀ lọ sí kóòtù, kó búra nípa ọjọ́ orí ọmọ náà, wọ́n á tẹ àfidáfíìtì fún un, wọ́n á lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn. Mo ti tẹ irú rẹ̀ títí tí èékánná mi fi dúdú. Ọ̀pọ̀ nínú yín tó ń ka ìwé yìí, àfidáfíìtì mi ni ẹ fi wọ iṣẹ́ ìjọba, ẹ̀yin tí ẹ dín ọdún márùn-ún kù nínú ọjọ́ orí yín. Ẹ má ṣèyọnu, n kò ní dárúkọ.

Kí n tó kúrò níbẹ̀. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia nílẹ̀ Gánà kéde pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. N kò mọ̀ pé àjèjì ni mí títí di ọjọ́ yẹn. Èdè Twi ni mo fi ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi jà. A gba Lomé, a gba Kútọnu, a dé Ilé-Ifẹ̀ lọ́dọ̀ àbúrò ìyá mi tòun ti ẹrù tó gba orí ènìyàn mẹ́rin. Nígbà tí ìyá mi mú mi lọ sí iléèwé, ọ̀gá iléèwé béèrè ìwé. Ìyá mi ní ìwé wà ní Kúmásì. Ọ̀gá ní kó lọ mú un wá láti Kúmásì.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá alákàrà tó ń gbé lójúlé kejì sí wa fi agbada rẹ̀ sílẹ̀, ó nu ọwọ́ epo mọ́ ìró, ó tẹ̀ lé wa. Kò mọ ìwé kankan. Ó dúró níwájú tábìlì, ó ní, "Ọ̀gá, mo mọ̀ wọ́n." Ọjọ́ márùn-ún péré ló tíì mọ̀ wá. Ṣùgbọ́n ọ̀gá jẹ ẹ́ ní gbèsè àkàrà, ó sì kọ orúkọ mi sílẹ̀. Kíláàsì kejì ni wọ́n fi mí sí dípò ìkẹrin, àwọn ọmọ sì ń pè mí ní "Ọmọ Gánà" títí mo fi jáde. Mo ṣáà wọlé.

Ẹ̀yin ni ìyá alákàrà ọmọ yẹn, ìyá mi. Ẹ tẹ̀ lé wọn lọ. Ẹ mú àfidáfíìtì dání, ẹ wọ aṣọ tí ẹ fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ dúró níwájú tábìlì. Bí ọ̀gá bá tún kọ̀, ẹ ní kó fi kíkọ̀ rẹ̀ sórí ìwé, kó fọwọ́ sí i. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń sọ "kò ṣeé ṣe" lẹ́nu ni kò jẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó di ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ní káńsù.

Ẹ sì rán alága yín létí, kó má jẹ́ pé ìlú mìíràn ló rò pé òun ń gbé. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé túká ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ibí ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ogun lé sá wá, ilẹ̀ tí Ọọ̀ni ìgbà náà fún wọn ló di Modákẹ́kẹ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàrin ilé méjèèjì lẹ́yìn náà, títí dé ti 1997 sí 2000 tí ojú wa rí, ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n kó bi àgbà ilé rẹ̀. Èmi ṣì ń gbé láàrin yín, mo sì fẹ́ sùn.

*Ìyá Kúmásì, iṣẹ́ káràkátà ni mò ń ṣe ní Lágere. Àwọn lébìrà Àgàtú tó ń ṣiṣẹ́ ní oko kòkó kan lọ́nà Oǹdó gbọ́ pé kí wọ́n kó jáde láàrin ọjọ́ mẹ́rin, torí wọ́n ti ta oko náà. Wọ́n ń ta ohun gbogbo. Ewúrẹ́ tó tó ₦80,000, ₦30,000 ni wọ́n ní kí n mú wá. Jẹnẹrétọ̀ náà wà níbẹ̀. Ìyàwó mi ní bí mo bá rà á, òun kò ní sè é, òun kò sì ní tan iná rẹ̀. Èmi ní ọjà ni ọjà. Ta ló jàre? — Bàbá Ìbejì*

Ìyàwó yín ló jàre. Ẹ má bínú sí mi, mo ní ìdí.

Zongo ni wọ́n ń pe àdúgbò tí a ń gbé ní Kúmásì. Zongo yẹn, Sábó ni: ibi tí onílùú ní kí àlejò máa gbé. Àwa Yorùbá wà níbẹ̀ pẹ̀lú Háúsá, Mọ̀sí àti àwọn mìíràn. Bàbá mi ń ta abọ́ ní Kejetia, ìyá mi ń ránṣọ. Ọjọ́ tó ku ọ̀la ká kúrò, obìnrin kan tó ti ń bá ìyá mi ṣe ọ̀rẹ́ ọjọ́ pípẹ́ wá ra ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Owó tó mú wá kò ju owó ọkọ̀ ènìyàn méjì dé Lomé lọ. Ìyá mi wo owó náà, ó wo ẹ̀rọ náà, ó gbà á. Kí ló fẹ́ ṣe? Ẹ̀rọ kò ṣeé gbé kórí kọjá ẹnubodè mẹ́ta. Títí ìyá mi fi kú, bí ó bá ti gbọ́ orúkọ obìnrin yẹn, á tutọ́.

Ọdún 1983 wá dé. Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kínní, ìjọba Ṣàgàrí kéde pé kí àjèjì tí kò ní ìwé jáde, ọ̀sẹ̀ méjì náà ni wọ́n fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ara Gánà ló pọ̀ jù. Báàgì ńlá tí wọ́n kó ẹrù sí nígbà yẹn, orúkọ tí a sọ ọ́ ni a ṣì ń pè é títí dòní, Ghana-Must-Go. A fi ń gbé gààrí, a sì ń rẹ́rìn-ín.

Aránṣọ ará Gánà kan wà ní Ìlàrè. Òun ló rán aṣọ ìgbéyàwó mi. Mo gbọ́ pé ó ń ta ẹ̀rọ rẹ̀, mo lọ. Èmi yìí, ọmọ Zongo. Mo dúró níwájú rẹ̀, mo ná an. Ó ní iye kan, mo bu ú sí ìdajì. Ó dín in, mo tún bu ú. Mo mọ̀ pé kò ní ọjọ́ mìíràn. Mo mọ̀ ọ́n ju ẹnikẹ́ni ní Ìlàrè lọ. Nígbà tó gba owó tán, ó ṣí àpótí kékeré tó wà lábẹ́ ẹ̀rọ náà, ó kó kókó òwú mẹ́fà àti téèpù tí ó fi ń wọn aṣọ fún mi. Téèpù náà ti ṣá, ìlà rẹ̀ ti parẹ́ láti orí 1 títí dé 10, nítorí ibẹ̀ ni àtàǹpàkò rẹ̀ máa ń wà. Ó ní èyí jẹ́ èènì.

Èènì ni mo gbé délé tí n kò lè jẹun. Ẹ̀rọ yẹn wà ní ọ̀ọ̀dẹ̀ mi bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí. N kò fi rán ohunkóhun rí. N kò sì lè tà á.

Nítorí náà, Bàbá Ìbejì, bí ẹ bá fẹ́ ra ewúrẹ́, ẹ ra á ní iye tó tó. Bí owó yín kò bá tó, ẹ gbà á sílẹ̀ fún wọn tọ́jú, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí méjì, kí wọ́n wá mú un bí wọ́n bá rí ibùgbé. Àmọ́ kó tó di ti ewúrẹ́, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kan: ṣé wọ́n ti san owó iṣẹ́ wọn? Òfin òṣìṣẹ́ wa kò fi ẹni tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ gbowó sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì sí márùn-ún, ìkìlọ̀ ọ̀sẹ̀ méjì ló tọ́ sí i kí wọ́n tó dá a dúró. Ẹni tó ti lé ní ọdún márùn-ún, oṣù kan gbáko ni. Oko lè pààrọ̀ ọwọ́, gbèsè iṣẹ́ kì í bá a lọ. Bí ó bá jẹ́ àdéhùn ọlọ́dọọdún ni wọ́n bá olóko ṣe, bí ọ̀pọ̀ lébìrà ti máa ń ṣe, kí wọ́n mú ẹni tó ṣe ẹlẹ́rìí àdéhùn náà dání lọ bá a kí wọ́n tó wọ ọkọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Yorùbá dáadáa, ẹ bá wọn lọ. Bí wọ́n bá gba owó wọn pé, ẹ ó rí i pé ewúrẹ́ yóò padà sí ₦80,000.

*Màmá wa, láti Ìsọ̀kùn ní Ilésà ni mo ti ń kọ ìwé yìí. Ọmọkùnrin mi ti wà ní Áyálándì fún ọdún kan ààbọ̀. Ó ní òun ń tọrọ ìsádi lọ́wọ́ ìjọba wọn. Kò fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́. Nígbà tí mo bínú, ó ní kí n ṣe sùúrù. Ó fi fọ́tò ránṣẹ́, mo rí i pé inú hòtẹ́ẹ̀lì ló ń gbé! Ẹni tó ń sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì fún ọdún kan ààbọ̀, kò lè fi ₦50,000 ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀? Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà ti kọ́lé. — Ìyá Tó Ń Retí*

Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá. Ẹ tún fọ́tò náà wò. Ẹ ka iye bẹ́ẹ̀dì tó wà nínú yàrá yẹn.

Hòtẹ́ẹ̀lì tí ìjọba Áyálándì ń kó àwọn tó ń tọrọ ìsádi sí kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń sanwó sí lọ ṣe fàájì. Láti ọdún 2000 ni wọ́n ti ń fi wọ́n sí ibùgbé tí ìjọba bá rí, hòtẹ́ẹ̀lì àtijọ́ wà nínú rẹ̀, ẹni mẹ́ta mẹ́rin tí kò mọra rí á sì máa sùn nínú yàrá kan. Owó tí wọ́n fún àgbàlagbà tó ń gbé níbẹ̀ láti 2019 ni yúrò 38.80 lọ́sẹ̀. Nínú rẹ̀ ni yóò ti wọ bọ́ọ̀sì, tí yóò ti ra dátà tó fi ń pè yín.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Tẹ́lẹ̀, òfin wọn kò jẹ́ kí ẹni tó ń tọrọ ìsádi ṣiṣẹ́ rárá. Ọkùnrin kan láti Burma, tó ti wà nínú irú ibùgbé bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́jọ, gbé ìjọba lọ sí kóòtù. Lọ́dún 2017, kóòtù tó ga jù níbẹ̀ sọ pé bí ìdúró kò bá ti ní òpin, ìjọba kò lè ní kí ènìyàn má ṣiṣẹ́ títí láé. Ní 2018 ni ilẹ̀kùn ṣí. Láti 2021, ẹni tí oṣù mẹ́fà bá ti kọjá lórí ẹjọ́ rẹ̀ tí wọn kò tíì dá a lóhùn lè gba ìwé àṣẹ iṣẹ́. Àwọn tó ń tọrọ ìsádi náà ti dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ láti 2014, MASI ni orúkọ rẹ̀, àwọn fúnra wọn ló ń darí rẹ̀. Ẹ bi ọmọ yín bóyá ó ti gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ yẹn, bóyá ó sì ní lọ́yà. Ìjọba ibẹ̀ ní èyí tí kò wọ́n fún irú wọn. Ìbéèrè yẹn ni kí ẹ máa bi í, ẹ fi ti owó sílẹ̀.

Mo sì fẹ́ bi yín ní ọ̀kan, ẹ̀yin ará Ilésà. Bàbá ta ló ń ru aṣọ kiri ìlú onílùú, tó ń tà á láwìn, tó sì ń padà lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹni tó jẹ ẹ́ lówó pé òṣó ni màá ló títí n ó fi gba owó mi? Ṣé gbogbo Òṣómàáló ló fowó ránṣẹ́ sílé lọ́dún àkọ́kọ́? Ọmọ yín wà lóṣòó báyìí. Ẹni tó bá fi ti Kánádà yọ yín lẹ́nu, ẹ bi í bóyá wọ́n ti san owó tí wọ́n yá kọ́ ilé náà tán.

*Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ọmọ Tógò ni mí, mò ń dirun ní Ilé-Ifẹ̀. Ẹnìkan tó ní òun jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ń wá gba ₦5,000 lọ́wọ́ mi lóṣooṣù, ó ní "owó àjèjì" ni. Kàdì ìdánimọ̀ Tógò wà lọ́wọ́ mi. — Onídìrí*

Ọmọ mi, kò sí ohun tó ń jẹ́ owó àjèjì lóṣooṣù. Nígbà tó bá tún dé, bi í ní rìsíìtì, kí o sì dárúkọ iléeṣẹ́ rẹ̀ sókè kí àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù gbọ́. Àdéhùn ECOWAS ti 1979 fún ìwọ náà láàyè láti wọlé láìgba fisa fún àádọ́rùn-ún ọjọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni ó yẹ kí o lọ sí ọ́fíìsì ìmígíréṣọ̀n lọ gba ìwé ìgbélùú. Bí ọjọ́ rẹ bá ti kọjá, má sá. Lọ, kí o mú onílé rẹ tàbí ọ̀gá rẹ dání. Ìwọ ọmọkùnrin ará Niger tó kọ lẹ́tà nípa omi tí o ń tà, ìdáhùn kan náà ni. Òótọ́ ni pé Niger, Mali àti Burkina Faso jáde ní ECOWAS ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Kínní 2025, ṣùgbọ́n ECOWAS ní kí wọ́n ṣì máa gba ìwé ìrìnnà àwọn ọmọ ibẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Kí o rí i pé tìrẹ kò tíì kú.

*Ìyá wa, akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Yunifásítì. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi fẹ́ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí yóò jẹ́ ohùn fún àwọn Ìgbìrà, Àgàtú àti Háúsá tí kò lóhùn nílùú yìí. A ti rí owó díẹ̀ kó jọ, a fẹ́ tẹ fáńẹ́lì 100, ká sì pe àwọn olóyè àti alága káńsù síbi ìfilọ́lẹ̀. Kí ni kí a tún fi kún un? — Ajàfẹ́tọ̀ọ́*

Ajàfẹ́tọ̀ọ́, o káre. Ta ló sọ fún ọ pé wọn kò lóhùn?

Àwọn Háúsá Sábó ní Sàríkí. Àwọn Ìgbìrà ní olórí àti ìpàdé wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n bí síbí, tí Ifẹ̀ ẹnu wọn mọ́ ju tìrẹ lọ, bí mo ṣe ń wo lẹ́tà rẹ yìí. Lóṣù Kẹta ọdún 2017 tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Sábó, tí ẹ̀mí lọ tí ṣọ́ọ̀bù jóná, ẹnu kò wọ́n ẹnikẹ́ni. Ẹni tó máa jókòó gbọ́ ló wọ́n.

Ọjọ́ kan wà ní kóòtù tí n kò lè gbàgbé. Bàbá Ìgbìrà kan dúró láti wí tẹnu rẹ̀ lórí oko iṣu tí màlúù jẹ. Ó sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó ń nawọ́, ó ń wọn ilẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀, ó tilẹ̀ tẹ̀ ba láti fi bí iṣu ṣe ga tó hàn. Nígbà tó parí, adájọ́ kọjú sí ògbufọ̀, ọmọkùnrin kan tí wọ́n mú nínú ọgbà kóòtù torí pé ìyá rẹ̀ jẹ́ Ìgbìrà. Ògbufọ̀ ní, "Ó ní wọ́n jẹ iṣu òun." Ohun tí mo kọ sílẹ̀ nìyẹn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìlà kan. Bàbá náà ń wo bíró mi, ó rí i pé ó dúró. Ó wò mí lójú. Ó mọ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó ṣe ìfilọ́lẹ̀ kankan, ẹ lọ sí Sábó, ẹ lọ sí àwọn abúlé tó wà nínú oko kòkó, lálẹ́ tí wọ́n bá ti dé láti ibi iṣẹ́, kí ẹ jókòó sí orí àpótí tí wọ́n bá gbé fún yín. Ẹ má mú ìwé ètò dání. Ẹ béèrè ohun tó ń dùn wọ́n. Ó lè máà jẹ́ ohun tí ẹ rò. Ẹ̀ ń rò ó pé ìwà ìkórìíra ni, kí wọ́n sọ fún yín pé ibi tí ọmọ wọn máa ti gba ìwé ọmọ ìlú fún síkọ́láṣíìpù ni. Ẹni tí wọ́n bí ní Ilé-Ifẹ̀, tí wọ́n bí bàbá rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, tí káńsù ní kó lọ gba ìwé ní Okene nílẹ̀ Ìgbìrà tí kò dé rí! Abala kejìlélógójì nínú òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 ní wọn kò gbọ́dọ̀ fi ẹ̀yà tàbí ibi tí ènìyàn ti wá fi ohun tí ọmọ Nàìjíríà mìíràn ń gbà dù ú. Ẹ bá wọn mú ìyẹn lọ síwájú káńsù, ọ̀rọ̀ tó ní iṣẹ́ nínú nìyẹn. Ó tún ṣeé ṣe kó jẹ́ ti omi ni wọ́n máa sọ, tàbí ti ọ̀nà.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ bá alága, kí ìyá Ìgbìrà kan tàbí bàbá Háúsá kan kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ní èdè tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Kí ẹ̀yin jókòó sẹ́yìn. Owó tí ẹ fẹ́ fi tẹ fáńẹ́lì 100 yẹn, ẹ fi wá ògbufọ̀ tó gbọ́ Ìgbìrà tó sì gbọ́ Yorùbá, kó tún gbogbo ìṣẹ́jú mẹ́wàá sọ.